Ọkọ Aránṣọ Ń Gbéyàwó

Nígbà tí aránṣọ fi máa dé gbọ̀ngàn náà, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi jókòó nínú ọkọ̀ wá sí ìlú àjèjì yìí, orúnkún rẹ̀ ti wú. Ìwé tí ọkọ rẹ̀ kọ wà nínú àpò rẹ̀: ó ń gbéyàwó, ọ̀nà jìn, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú wá. Kó má wá, ló wí. Ọjọ́ tí aránṣọ gba ìwé yẹn gan-an ló ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó di ìdì kékeré kan, ó gbéra.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó wò ó láti orí irun funfun dé orí bàtà eléruku, ó sọ èdè tiwọn. Aránṣọ náà sọ tirẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ títí, kò yé ẹnì kankan. Níkẹyìn wọ́n lọ pe alásè kan ní ilé ìdáná, ẹni tó ti bá àwọn ará ìlú aránṣọ ṣiṣẹ́ rí, tó sì ṣa díẹ̀ nínú èdè wọn.

"Ta lo wá rí?" ni alásè bi í.

Ọmọ tó lè bí ló ń pè é ní "o" yìí. Aránṣọ gbé e mì. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

"Sọ fún un pé ọkọ mi ló ń gbéyàwó nínú yẹn. Kó jẹ́ kí n wọlé kí wọ́n tó parí."

Ọwọ́ alásè dúró lára aṣọ ìnuwọ́. "Ọkọ rẹ?"

"Ọkọ mi ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló rán an níléèwé títí dé yunifásítì. Nílé wọn lọ́hùn-ún, èmi nìkan ló kù."

Alásè túmọ̀ rẹ̀. Ojú ẹ̀gbọ́n ìyàwó pọ́n. Ó di aránṣọ lápá mú, ó mú un lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó àga sí, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.

Ibẹ̀ ni aránṣọ jókòó sí. Wọ́n á dákẹ́ nínú gbọ̀ngàn bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n á tún ṣàdédé kọrin, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Inú ń bí i, ó ń fi etí aṣọ nu omijé. Irú ìgbéyàwó wo ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn? Ṣé ó jalè ni?

Alásè gbé omi wá fún un. Àánú ti ń ṣe é. "Má sunkún. Ṣé o bímọ fún un?"

"Ọlọ́run ò fún mi lọ́mọ. Òun nìkan ni mo ní."

"Kí ló wà nínú ìdì yẹn?"

"Ohun tí mo fi so ó mọ́ra ni. Mo fẹ́ gbé e lé ìyàwó tuntun lọ́wọ́. Ó ti kàn án."

Alásè fi ẹ̀yìn rìn jáde, ó sáré lọ sọ fún wọn nínú gbọ̀ngàn. Kò pẹ́ tí orin fi dá.

Gbogbo wọn wọlé: bàbá ìyàwó, ẹ̀gbọ́n ìyàwó, ìyàwó fúnra rẹ̀ tí omijé ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ọkọ ló kẹ́yìn. Bàbá ìyàwó nawọ́ sí aránṣọ, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan, alásè sì túmọ̀ rẹ̀ sí aránṣọ létí: "Wọ́n ní ṣé ìyàwó rẹ̀ ni ọ́ lóòótọ́."

Ọkọ ti wólẹ̀ síwájú aránṣọ, ó di orúnkún wíwú náà mú.

"Ìyàwó," ló wí, "nítorí orúnkún yìí ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ má wá."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni alásè gbọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì túmọ̀ fún wọn. Ìyàwó tuntun bo ojú. Aránṣọ rọra tú ìdì náà sórí àga níwájú rẹ̀.

Ọ̀já àtijọ́ kan ni, èyí tó fi pọ̀n ọmọ oṣù mẹ́jọ tí ìyá ọkọ rẹ̀ kú fi sílẹ̀ lọ́dún tó kọ́kọ́ wọlé wọn, ọkọ ìyàwó òní yìí, àbúrò ọkọ tó fẹ́ ẹ tó sì ti di olóògbé, tí kò forúkọ pè rí láti ọjọ́ náà, àfi "ọkọ mi", bí ìyàwó ilé ti ń ṣe.