Ojú Àwẹ̀ró Nínú Ìgò

Lẹ́yìn tí ẹyẹ irin tí kò ní awakọ̀ ti sọ ìgò oògùn kalẹ̀ lójúde wa, Màmá àgbà gbé fọ́tò Àwẹ̀ró, àbúrò wọn tí jẹjẹrẹ pa, sórí tábìlì. Gbogbo ilé tó ń gba irú oògùn yìí ló ní ohun tí wọ́n máa ń wò gba inú ìgò kí wọ́n tó gba abẹ́rẹ́. Àwa ń wo Àwẹ̀ró. Bí ojú rẹ̀ bá hàn kedere, oògùn ti yòrò nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Ìbídùn da omi sórí ìyẹ̀fun oògùn inú ìgò, ó gbé e fún Màmá. Ni wọ́n bá mì í jìgìjìgì. Ìfófó bo inú rẹ̀.

"Háà, Màmá! Kì í ṣe àgbo o! Bí kò bá mọ́ láàárín ìdajì wákàtí, dídànù ni. Ó di oṣù tó ń bọ̀."

Jẹjẹrẹ tó wà nínú egungun Màmá kò ní dúró de oṣù tó ń bọ̀.

"Ogójì ọdún ni mo fi se ọṣẹ, ìwọ ọmọ yìí. Ìfófó kì í gbọ́ ìkánjú. Fi í sílẹ̀."

A jókòó tì í. Nígbà ayé Àwẹ̀ró, oògùn yìí wà, ṣùgbọ́n bí epo ló rí: kò bá omi rẹ́, kò sì ṣeé gún sára. Lónìí, àwọn hóró tíntìntín tó dà bí ọṣẹ ló ń pọ̀n ọ́n wọnú ẹ̀jẹ̀.

Ìfófó wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Etí kan hàn, lẹ́yìn náà èjí ẹnu rẹ̀.

Màmá na apá fún abẹ́rẹ́. "Àwẹ̀ró, o ṣeun o. Má tíì máa retí mi."