Ewúrẹ́ Ilé Ọkọ

Gbogbo ọjọ́ ọjà ni èmi àti ìyá ọkọ mi máa ń fa òbúkọ wa lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹran wò, torí òfin kò gbà mọ́ kí òbúkọ gun ewúrẹ́ tó bá a tan. Ní gbogbo ìlú etí odò, iná pupa, àmì pé ẹran méjèèjì bá ara wọn tan, ló ń tàn fún wa. Agbọ̀nlé nìkan ló kù.

Lónìí, Àdùnọlá, ìyàwó ilé kan ní Agbọ̀nlé, fa ewúrẹ́ rẹ̀ wá. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ létí ẹran méjèèjì. Iná pupa.

"Ta ló fún ọ ní ewúrẹ́ yìí, ọmọ mi?" ni Ìyá béèrè.

"Ìyá mi ni, Mà, lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Ìyá tiwọn ló fún àwọn náà. Ilé Ọ̀dọ̀fin ni wọ́n bí ìyá àgbà sí."

Ilé wa nìyẹn. Àwa la máa ń fún ọmọbìnrin ní abo ewúrẹ́ lọ sílé ọkọ. Nígbà tí àrùn pa ẹran gbogbo ìlú, ìran tiwa nìkan ni kò kú. Inú wa mà dùn nígbà náà o!

"Ẹ má bínú, Mà," ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ wí. "Kò sí ìlú tó kù fún òbúkọ yín mọ́. Òfin ní kí n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá."

Ìyá fúnra wọn ló di ìwo òbúkọ náà mú títí ọkùnrin náà fi ṣe é tán.

Nígbà tí a délé, ewúrẹ́ tí a so sílẹ̀ fún ọmọ mi, tó ń lọ sílé ọkọ lọ́la, ń ké lẹ́yìnkùlé. Ìyá ní kò sí òbúkọ tó lè gùn ún mọ́, kí n wá nǹkan mìíràn tí ọmọ náà yóò mú lọ. Mo tú gbogbo ilé. Ìkòkò wà, aṣọ wà. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tó lè bímọ.