Oríkì Fẹ́rànmí Nínú Fódà Tí Kò Ní Ìlẹ̀kùn

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá ní ọmọ tí ẹ̀ ń fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láràárọ̀, ẹ má fò ó.

1.
Beatrice ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní Karu. Ìfura rẹ̀ pọ̀, ìyẹn gan-an ló sì mú kí àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè mú ọmọ lẹ́nu géètì rẹ̀ láìkọ́kọ́ pe oríkì ọmọ náà. Ẹ mọ àwọn ọmọ Abuja wa: òyìnbó nílé, òyìnbó níta. Ṣùgbọ́n ẹ pe oríkì wọn, ojú wọn á tàn, wọ́n á sáré wá.

"Àlejò lè mọ orúkọ ọmọ," Beatrice á wí. "Ta ló máa sọ oríkì rẹ̀ fún un?"

Inú fódà kan lórí kọ̀ǹpútà ló kó gbogbo rẹ̀ sí: fọ́tò ọmọ kọ̀ọ̀kan, àdírẹ́sì ilé, oríkì, àti àwọn ẹni tó ń wá mú un.

2.
Nígbà tó ṣí ẹ̀ka kejì sí Kabusa, fódà yìí kò ṣí níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà Kabusa ní òun kò rí ti Karu rárá. Ó pe Saeed, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

"Mà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn yàtọ̀ síra ni," Saeed wí. "Ká ní inú ilé kan náà ni wọ́n wà, wọ́n á rí ara wọn. Láti Karu sí Kabusa, àfi kí n la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ fún wọn. Ó máa gbà mí ní ọjọ́ díẹ̀. Àwọn wo ló yẹ kó máa ṣí i? Ẹ fún mi lórúkọ wọn, kí kálukú ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀."

Ara fu Beatrice. "Kí lo fẹ́ fi orúkọ àwọn tíṣà mi ṣe?"

"Kí ẹni tí kò yẹ má baà wọlé ni, mà."

"Ìwọ gan-an ńkọ́, ta ló ní o yẹ? O fẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ sí ilé-ìwé mi, àbí?"

Saeed gbé báàgì rẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé o."

3.
Lẹ́yìn ìpàdé ọmọ ìlú wọn, Beatrice sọ ọ́ fún Titus, ọmọ ìlú rẹ̀ kan tó máa ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. "Òkun o, Mọ̀mí! Ohun tí kò le ni," Titus fèsì. "Òkun o" ni ìkíni ìlú wọn, èdè kan náà ni wọ́n jọ ń sọ. Obìnrin tó ń fura sí gbogbo ènìyàn yìí kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. "Ọmọ wa ni," ó wí.

Titus jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó yọ páásíwọ́ọ̀dù kúrò lára fódà náà, ó ní kó gba ẹnikẹ́ni tó bá kànlẹ̀kùn, ó sì ṣí ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì Karu sílẹ̀ sí ìta gbangba.

"Yauwa, ó ti parí! Ẹ pe Kabusa kí wọ́n wò ó."

Ó ṣí! Beatrice bú sẹ́rìn-ín. "Saeed ní ọjọ́ díẹ̀!"

"Mọ̀mí, ẹni tí kò mọṣẹ́ ló ń tọrọ ọjọ́."

Ọjọ́ náà gan-an ni Beatrice ra àgádágodo ńlá sí ìlẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà, nítorí Saeed.

4.
Fẹ́rànmí, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ilé-ìwé Karu, jẹ́ ọmọ Ayọ̀midọ̀tun, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó múra dáadáa dé ẹnu géètì. "Àwẹ̀ró mi!" ó pè é. Ọmọ náà sáré jáde. Tíṣà jọ̀wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìyá dé, ó bèèrè ọmọ rẹ̀.

"Bàbá kékeré rẹ̀ ti mú un lọ, mà. Ó pe oríkì rẹ̀."

Ìyá sáré gba ilé lọ. Ta ló mọ Àwẹ̀ró, bí kì í bá ṣe ẹni ilé? Múyìwá, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ń gbé pẹ̀lú wọn. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, "ọkọ mi" ló ń pè é. Ọjọ́ yẹn, orúkọ ló fi pè é.

"Múyìwá! Ibo lo gbé ọmọ mi sí?"

"Ìyàwó wa, èmi? Èmi tí mò ń pọ̀n ọ́n?"

"Ta ló tún mọ oríkì rẹ̀ ní Abuja yìí?"

Ó pe ọlọ́pàá, ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe mú Múyìwá lọ.

5.
Ọlọ́run ṣàánú. Ní gáréèjì Kuje, àwọn awakọ̀ rí ọmọ tó ń sunkún tí kò fẹ́ wọ mọ́tò. Wọ́n ń bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè, ó fi ọmọ sílẹ̀, ó sá wọ inú ọjà. Wọn kò rí i mú títí di òní.

Ọlọ́pàá pe Beatrice wá sí àgọ́ wọn. "Ibo lẹ kọ oríkì àwọn ọmọ sí?"

"Inú kọ̀ǹpútà mi ni. Àgádágodo wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn!"

Ọlọ́pàá náà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ níbẹ̀, ó tẹ nǹkan díẹ̀. Fódà ṣí. Fẹ́rànmí ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò, Àwẹ̀ró wà lábẹ́ rẹ̀.

"Mà, kò bi mí pé ta ni mí."

Beatrice fi ìgbe pe Titus lórí fóònù.

"Mọ̀mí, ẹ ní kó ṣí. Ó ṣí." Ó pa fóònù.

6.
Kò sí ọmọ kankan nílé-ìwé Beatrice mọ́, ní Karu àti ní Kabusa. Wọ́n tú Múyìwá sílẹ̀, ó sì kó ẹrù rẹ̀. Ayọ̀midọ̀tun kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà: "Ọkọ mi, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti gbọ́, ìyàwó wa." Kò wẹ̀yìn.

Fẹ́rànmí ńkọ́? Ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ àgbà pè láti Ìkìrun, tó ní "Àwẹ̀ró mi" lórí fóònù, ọmọ náà sá sẹ́yìn kọ́tìnì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń kì í mọ́ nínú ilé yẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín. Ẹni tó bá ń bèèrè àwọn tó yẹ kó wọlé, ẹ má lé e. Ẹni tó bá ṣí ìlẹ̀kùn kíákíá, ẹ bi í pé àwọn wo ló ṣí i fún, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, ẹ lọ bi ilé-ìwé ọmọ yín pé ibo ni wọ́n kó fọ́tò rẹ̀ sí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.