Akínbọ́lá Fi Ara Rẹ̀ Díwọ̀n Ara Àbúrò Rẹ̀

Ọdún 1986, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé wọ inú igbó Ìgàndò, ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹni tó ni ilé tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi í.

Akínbọ́lá káfíńtà ní àléébù kan: ohun tí ara tirẹ̀ bá gbà, ó ní ara gbogbo ayé gbọ́dọ̀ gbà á. Ó lè mu ògógóró bí omi, kó tún gun òrùlé, kí òòlù rẹ̀ má sì ṣi ìṣó. Festus, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ife kékeré kan ti tó láti sọ ojú rẹ̀ di pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa wá ilẹ̀ tì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò parí òrùlé ilé náà, Olúfúnkẹ́, ìyàwó Festus, tó wà nínú oyún ọmọ wọn àkọ́kọ́, kúnlẹ̀ fún Akínbọ́lá.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mu ọtí òrùlé o. Ẹ mọ̀ pé kì í bá a lára mu."

"Ìyàwó, a ti gbọ́."

Nígbà tó ku páànù kan ṣoṣo, onílé gbé ọtí wá, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún àwọn káfíńtà. Akínbọ́lá bu ife kíkún fún Festus.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ara mi ò gbà á. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Ṣé ọmú kan náà kọ́ la mu ni? Àbí wọ́n pààrọ̀ ẹ ní ọsibítù?"

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Festus, ó gbé e mì. Akínbọ́lá tún bu ìkejì fún un.

Onílé ní, "Káfíńtà, jẹ́ kó jókòó ná, jàre. Wo ojú ẹ̀."

"Èmi tí mo mu jù ú lọ ńkọ́, ṣé ẹ rí i kí ẹsẹ̀ mi yẹ̀? Festus, gòkè, lọ kan páànù tó kù!"

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Festus gun àkàsọ̀ dé orí òrùlé, ó nawọ́ gba páànù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀. Orí búlọ́ọ̀kù ló já lé. Wọn kò tíì gbé e dé ọsibítù tó fi kú.

Ìyá wọn kò bá Akínbọ́lá sọ̀rọ̀ mọ́ títí ikú fi mú màmá náà lọ. Akínbọ́lá wá ń mutí kó lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n ara líle tó fi ń fọ́nnu ti di ìjìyà rẹ̀: bó ti wù kó mu tó, ọtí kò pa á. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ tó yẹ̀ ló sì ń rí.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí. Ìyá kan lè bí ọmọ méjì, kò ní kí ara wọn rí bákan náà. Ohun tí ẹnì kan mu tó fi ń kọrin lè gbé ẹlòmíràn ṣubú. Bí ènìyàn bá ní ara òun kò gba ọtí, gbà á gbọ́, má fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tó bá ife méjì yẹn lọ ni ọmọ kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ọkọ kan lọ́wọ́ Olúfúnkẹ́, àti bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ kò fojú rí. Páànù kan ló kù nílẹ̀.