Ìgò Àtè Kan fún Tọkọtaya

Nọ́ọ̀sì Mojíire gún mi lábẹ́rẹ́, ó ní kí n wo tẹlifíṣọ̀n iwájú wa tó ń fi inú iṣan mi hàn. Àwọn ọmọ ogun tó ń bá àìsàn jà nínú ẹ̀jẹ̀ mi ń ṣàn lọ bí ewé lójú odò. Bí àtè inú ìgò tó gún sí mi lára ṣe dé bá wọn, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara iṣan, wọ́n dúró, wọ́n sì jí gìrì sí ìjà.

"Ẹ kú oríire, Bàbá. Odidi ìgò ni tiyín látòní lọ."

Òfin ní ara kan ni tọkọtaya tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún, nítorí náà èmi àti Ìbídùn ìyàwó mi jọ ń pín ìgò kan ni. Lóṣù tó kọjá, ìṣó gún un lẹ́sẹ̀. Mo rí i lójú tẹlifíṣọ̀n yìí bí àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ ṣe ń ṣàn kọjá egbò náà. Àtè wọn kò tó láti mú wọn dúró.

"Ìdajì ìgò ló pa á," mo wí.

"Bàbá, kì í ṣe èmi ni mo ṣòfin. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ búra ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ara kan ni yín."

"Bó bá jẹ́ ara kan ni wá, ta ni mo sin ní Sátidé?"

Ó fi òwú tẹ ojú abẹ́rẹ́. Ó yọjú síta, ó ní kí tọkọtaya tó kàn wọlé.