Ẹni Tó Kọ Ìwé Náà

Bàbá já ìwé pẹlẹbẹ náà gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó sọ ọ́ padà sórí pẹpẹ.

"Èyí tó nípọn ni kí o mú."

"Bàbá, eléyìí ni gbogbo kíláàsì wa fi ń múra ìdánwò ìtàn. Àbí ẹ fẹ́ kí n fìdí rẹmi ni?"

"Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ nǹkan kan."

"Ọ̀gá, ẹnu yín mú ju abẹ lọ," ni obìnrin tó ń tàwé wí. "Àná ni ẹni tó kọ ọ́ kó àwọn ìwé yìí wá fúnra rẹ̀." Ó yí ẹ̀yìn ìwé náà sí ọmọ.

Ọmọ wo àwòrán ibẹ̀ títí. Obìnrin inú fọ́tò pálọ̀ wọn ni, ìyá rẹ̀ tí bàbá ní ó kú lọ́jọ́ tó bí i. Ó kàn ti hewú ni.

"Jẹ́ ká máa lọ," ni bàbá wí.

Ọmọ ò wojú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjọ́ wo ni wọ́n tún ń bọ̀?"