Ìyá Amọ̀kòkò àti Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Tó Tẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ní Ìpetumodù, ìlú àwọn amọ̀kòkò, mo ní aládùúgbò kan tó ń jẹ́ Olúgbódi. Tíṣà ni. Ó gbọ́n, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù rárá. Ohun tó bá ti wò lẹ́ẹ̀kan lórí fóònù, ó ti di ọ̀gá nídìí rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá rẹ̀ tó ti kú ló fi ọkọ̀ àtijọ́ kan sílẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Amọ̀kòkò nítorí iṣẹ́ tó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà, kì í wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní bí òun bá ti jókòó sínú rẹ̀, ńṣe ló ń dà bíi pé bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ní àárọ̀ Sátidé kan, Olúgbódi ń fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ náà wọlé, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbá òpó géètì. Ilẹ̀kùn tẹ̀ wọnú.

Mo ní kó gbé e lọ fún àwọn tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é lórí fóònù. Ó tú inú ilẹ̀kùn náà, ó mú òòlù, ó sì gbá àárín ibi tó tẹ̀ gan-an lẹ́ẹ̀mẹta. Àárín yọ gọngọ síta, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ yíká kò kúrò níbi tó wà. Tíṣà bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ jáde. Mo rò pé yóò bú u, kò bú u. Ó fi aṣọ wé òkúta dídán bọ̀rọ́ tó fi ń dán ìkòkò, ó fi ọwọ́ kan mú un bọ inú ilẹ̀kùn, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kejì síta.

“Etí ló di àárín mú,” ó sọ fún ọmọ rẹ̀. “Etí la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ìta sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọwọ́ inú ń ṣe.”

Ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń yí i po, títí oòrùn fi kan àtàrí. Lójijì irin náà dún pọ́ọ̀, ó sì padà sáyè rẹ̀. Ẹnu yà mí, ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Obìnrin tí kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀!

Àpá òòlù mẹ́ta nìkan ni kò lọ. Olúgbódi ní òun yóò wá nǹkan fi bò ó. Ìyá fi ìka kàn án, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Fi í sílẹ̀,” ó ní. “Bàbá rẹ náà máa ń kánjú báyìí.”

Lọ́jọ́ kejì, Olúgbódi fi ọkọ̀ náà gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó rọra ń lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, rírí iṣẹ́ kì í ṣe mímọ iṣẹ́, ìkánjú a sì máa fi àpá sílẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tí a bá fagbára mú ní í le koko.